Ilé Olópòó fún Ìjàpá

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Fairwood lókè òkun kì í ṣe èèyàn kékeré. Bí a bá bi í pé aago mélòó ló lù, yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò tún táì ṣe, kó tó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ra ìjàpá, ó ní ẹranko òun kò ní gbé inú àpótí. Ó kọ́ ilé olópòó fún un sí ẹ̀yìnkùlé, òrùlé rẹ̀ nà síwájú bíi ti ilé tirẹ̀ gan-an.

Nígbà tí òtútù oṣù kẹwàá dé, ìjàpá fa orí wọlé, kò jẹun mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì ti ọwọ́ bọ inú ilé náà.

"Dádì Tolú, ṣé ẹja dídì ni ẹ fẹ́ tọ́jú síbí ni? Oòrùn ò rọ́nà wọlé!"

"Òrùlé yẹn ló fún un níyì."

"Iyì yẹn ló máa pa á."

Ìyàwó rẹ̀ ṣí òrùlé náà kúrò, ó fi gíláàsì fèrèsé àtijọ́ kan rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo bá ẹ̀gbọ́n lẹ́yìnkùlé tòun ti kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko, ó ń fi ewé lọ ìjàpá, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tọ́ ọ wò."

Ìjàpá yọ orí, ó wò ó títí, kó tó bu ewé náà jẹ.