Ajá Tó Ń Hu Nílé Alájì Dàwódù

Ká má parọ́, Fàúsát ò fẹ́ràn ajá. Nílé Mùsùlùmí tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà l'Ágége, bí itọ́ ajá bá kan aṣọ rẹ, o ò lè fi kírun mọ́ àfi tó o bá fọ̀ ọ́. Kazeem ọkọ rẹ̀ ló fa Bíńgò wálé. Mégáàdì ni Kazeem ní iléeṣẹ́ ọ̀dà kan l'Órègùn. Nígbà tí ètò Sáàpù tó sọ owó di ọ̀wọ́n dé, tí àwọn ológun ní kí mẹ̀kúnnù ṣáà máa fara dà á, ọ̀gá ti iléeṣẹ́ pa, ó bá tirẹ̀ lọ, ó fi ajá sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Kazeem ní òun ò lè fi í síbẹ̀ kí ebi pa á kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kazeem ní òun ń lọ wá iṣẹ́ sí Òpébì. Mọ́tò gbá a pa lójú títì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Fàúsát ò sunkún. Àwọn obìnrin ilé ń wò ó, wọ́n ń fi igbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ta ni yóò sọ fún wọn pé ojú obìnrin yìí gbẹ táútáú? Inú rẹ̀ kàn kú ni. Ó ṣe opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn là kalẹ̀, kò sì jáde nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti Kazeem háyà. Bíńgò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí kò sẹ́ni tó rántí lé e síta.

Opó parí, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé búrẹ́dì, níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Háà, wàhálà dé! Bó ṣe jáde báyìí ni Bíńgò bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ó ha ilẹ̀kùn ya, ó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó hu títí Fàúsát fi dé. Ẹ sì mọ̀ wá, kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ kí ajá máa hu nínú ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde, tí àyà rẹ̀ kò ní já.

"Òkú ló ń rí," Sìlífátù ìyàwó onílé sọ. "Ó fẹ́ pe ẹlòmíràn ni."

Wọ́n ní kí Fàúsát so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kó fi ata ra á lẹ́nu. Ó ṣe é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ra á, àánú ò sì ṣe é rárá. Bíńgò bu ọwọ́ náà jẹ.

Onílé, Alájì Dàwódù, pè é. "Fàúsát, ó tó gẹ́ẹ́. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá tún hu lẹ́yìn ìyẹn, màá pe àwọn tó ń ra ajá sè lọ́bẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó tú ajá náà, ó fà á wọlé. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nínú gbogbo ohun tí Kazeem mú wálé, ajá yìí nìkan ló ṣì ń mí.

Ló bá fà á lọ sọ́dọ̀ Dókítà Oyinadé, dókítà ẹran nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Dókítà náà kọ́kọ́ sọ fún un pé kó gba ọsibítù lọ gbabẹ́rẹ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó wá wo ajá náà tinú tẹ̀yìn, ó sì ní kí Fàúsát ro gbogbo bó ṣe jẹ́ fún òun.

"Ṣé ó ń hu nígbà tí ẹ wà nínú opó?"

"Rárá, mà. Mi ò jáde nígbà yẹn."

"Ẹ ò rí i bí! Ọkọ yín jáde, kò padà. Ẹ wá jókòó tì í tọ̀sán-tòru. Lójijì, ẹ̀yin náà tún jáde. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Kò rí òkú kankan o. Ẹ̀rù ló ń bà á." Ó ní kó má lù ú, kó má fi ata ra á lẹ́nu mọ́. Kó jáde, kó tètè wọlé kí ajá tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Kó tún jáde, kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Kó fi eegun sílẹ̀ fún un, kó má sì kí i nígbà tó bá ń lọ tàbí nígbà tó bá dé, títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Fàúsát tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ó lọ dé ilé ìyàgbẹ́, ó padà. Ó lọ dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó padà. Ó lọ dé ojú irin, ó padà. Àwọn ará ilé ń fi í ṣẹ̀sín: "Ìyàwó Kazeem, ṣé kò sí nǹkan?" Ó tún jáde. Àìkí ajá ò tiẹ̀ nira fún un, nítorí láti ọjọ́ tí Kazeem ti kú, kò kí ẹnikẹ́ni dénú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, Alájì gbé àga síwájú yàrá náà, ó ní etí ara òun lòun fẹ́ fi gbọ́. Fàúsát lọ síbi iṣẹ́, ó po ìyẹ̀fun, kò mọ ohun tó ń pò. Nígbà tó dé, Alájì ti dìde.

"Kò hu," ó ní. "Ó jẹ eegun, ó sùn. Jẹ́ kó wà, jàre."

Fàúsát kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Bíńgò gbórí sókè, ó rí i pé òun ni, ó tún gbórí lélẹ̀. Ó ti gbà pé ẹni tó bá jáde yóò wọlé. Fàúsát jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lápá ògiri, níbi tó ti ń sùn látọjọ́ yìí, kí àyè lè wà fún ẹni tó bá dé.

"Kazeem ò ní padà mọ́," ó sọ fún ajá náà.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni igbe já lẹ́nu rẹ̀, igbe gígùn tí kò lórí tí kò nídìí, kò sì lè dá a dúró. Bíńgò dìde, ó wá gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀, itọ́ rẹ̀ ń kán sára aṣọ. Láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sìlífátù pariwo:

"Alájì! Ajá yẹn mà tún ti bẹ̀rẹ̀ o!"