Páńlá Inú Omi Eérú

Òórùn páńlá ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí Kérésì ku ọ̀la, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ òórùn náà: ó máa ń wọlé ṣáájú ẹni tó gbé e. Màámi ra odidi kan tó le bí igi ìdáná, torí pé ìyá bàbá mi ń bọ̀ láti Emùré wá bá wa ṣọdún. Màmá Àgbà yìí nìkan ló mọ ọbẹ̀ sè láyé. Ó sì ti ròyìn fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé ìyàwó ọmọ òun kò mọ̀ ọ́n sè.

Màámi ní kí n rẹ ẹja náà sómi kó lè rọ̀, ó sì gba ọjà lọ. Mo wo páńlá, mo wo omi, mo rí i pé omi lásán kò lè ràn án. Ṣebí káún ni Màámi máa ń fi sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀? Omi eérú èèpo kòkó kò kúkú yàtọ̀ sí káún lójú mi, ìkòkò rẹ̀ kan tí Màámi fẹ́ fi se ọṣẹ dúdú sì wà lẹ́yìn ilé. Ọlọ́gbọ́n ọmọ bá ri páńlá sínú rẹ̀, ó bá eré lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ Kérésì mọ́, ẹja ti di nǹkan tó ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù, tó ń rùn bí ọṣẹ. Màmá Àgbà sì ti jókòó.

"Ìsí ó ṣe é?" Màámi ń wá ẹni tó ṣe é láàárín èmi àti àbúrò mi. Ó fi òwe tó fẹ́ràn jù kún un: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a." Èmi ọmọ dáadáa ní èmi ni. Pàṣán kò dúró de ogún ọdún.

Màmá Àgbà jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹja. "Mo ti wí tẹ́lẹ̀," ó ní. "Kí wọ́n gbé mi padà s'úlé mi." Màámi sunkún ní ilé ìdáná. Ẹkún yẹn dùn mí ju pàṣán lọ.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, mo sì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Norway, níbi tí páńlá ti ń wá. Ní Kérésì tó kọjá, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pè mí wá jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn. Ó gbé àwo funfun kalẹ̀, pẹ̀lú pòtétò àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Nǹkan kan ń gbọ̀n láàárín rẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ó fi ìgbéraga ṣàlàyé pé inú omi eérú ni àwọn baba ńlá àwọn ti máa ń rẹ páńlá, pé ọgbọ́n àtayébáyé ni. Ó ṣe mí bíi kí n bèèrè ẹni tó na àwọn baba ńlá náà. Ó sì dùn mí pé Màmá Àgbà ti kú; ǹ bá di díẹ̀ sínú ike, kí n gbé e lọ fún un ní Emùré, kí ó wá wo ohun tó torí rẹ̀ fojú Màámi gbolẹ̀.

Mo fi síbí kan sẹ́nu. Ọṣẹ ni. Ọ̀gá mi àti gbogbo ará ilé rẹ̀ ń wo ẹnu mi.

"Ó dùn gan-an ni," mo wí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ sọ òtítọ́, ó jẹ pàṣán. Àgbàlagbà purọ́, kò sẹ́ni tó nà án. Wọ́n kàn bu òmíràn fún un ni, ó sì kún àwo.