Ilẹ̀ Tí Kì í Hu Koríko

Àbúrò ọkọ mi ni, mo sì ń pè é ní Bọ̀dá bó ṣe yẹ, kí Ọlọ́run má baà bi mí léèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Onímọ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣe ọ̀gá ọgbà tí wọ́n ti ń gbin ọmọ igi fún títà, n kò sì rí i rí kó bẹ̀rẹ̀ fa koríko kan tu.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà fi wọ̀ ọ́ lójú. Lábẹ́ àwọn igi gogoro tí ewé wọn ń rùn bí oògùn ikọ́, ilẹ̀ dúdú, ó mọ́ tónítóní, koríko kan kò hù níbẹ̀. Onímọ̀ ní ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá ọmọ igi. Ilẹ̀ tó pa koríko, òun ló fẹ́ kó bá òun tọ́ ọmọ igi.

Àwọn ọmọ igi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n kú. Ó di ẹ̀bi obìnrin tó ń bomi rin wọ́n, opó ọlọ́mọ méjì. Onímọ̀ ní omi rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí obìnrin náà dín in kù, Onímọ̀ ní òùngbẹ ló fi pa wọ́n. Bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún kú, kó máa lọ sílé.

Obìnrin náà kò sunkún wá bá mi. Agolo méjì ló gbé wá, ó ti gbin ẹ̀wà sí méjèèjì, omi kan náà ló sì ń bu sí wọn. Iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà ọgbà, níbi tí koríko ti ga dé orúnkún, ló wà nínú ọ̀kan: ẹ̀wà ibẹ̀ ń dán. Ti ẹ̀yìn ọgbà kò ga ju ìka lọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti dúdú. Mo bá a gbé wọn lọ bá Bọ̀dá.

“Ta ló ní kí o máa dán iyẹ̀pẹ̀ mi wò?”

“Ẹ̀wà ló dán an wò, sà.”

Àwọn òṣìṣẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kí Bọ̀dá wòkè. Ewé igi yẹn ń já bọ́, òjò ń fọ oje rẹ̀ wọ ilẹ̀, oje náà ló ń ba gbòǹgbò jẹ́. Bí igi náà ṣe ń lé aládùúgbò rẹ̀ nìyẹn.

“Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀,” ló wí. “Mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa rí i ni.”

Igba ọmọ igi ló kú kó tó rántí pé òun mọ̀.

Mo dúró títí ó fi sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé obìnrin náà kò lọ síbì kan. Agolo ló dojú kọ sọ ọ́. Obìnrin náà ní ẹ ṣé, sà, ó gbé ṣọ́bìrì, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà ọgbà lọ bu iyẹ̀pẹ̀.