Ẹja Tí Mo Rà Sílẹ̀ De Odò

Láti ìgbà tí màmá mi ti kú tí mo sì ti mú bàbá mi wá sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, orí àga kan ṣoṣo lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí. Wọn kì í jáde. Oúnjẹ, ṣíbí mẹ́ta, ó parí. Èmi náà kì í ṣe onísùúrù: mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti jágbe mọ́ wọn, mo sì ti sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n fẹ́ tẹ̀lé màmá mi lọ ni.

Òyìnbó kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ó ní kí n mú wọn wá ní Sátidé, kí odò máa gbé wa lọ jẹ́jẹ́, ká máa ju ìwọ̀. Apẹja ni bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó darúgbó. Bí mo ṣe sọ fún wọn báyìí, wọ́n gbórí sókè.

"Irú ẹja wo ló wà níbẹ̀? Ṣé odò yẹn máa ń yára?"

Háà! Ẹni tí kì í dáhùn ju "hẹ̀n" lọ! Wọ́n ní kí n ra okùn, kí n wá ekòló, kí n má sì gbàgbé ata àti alùbọ́sà, nítorí etí odò la ó ti sebẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, òyìnbó pè mí: gbogbo ẹja tá a bá mú, dandan ni ká dá a padà sódò, òfin ibẹ̀ nìyẹn. Mo ní mo gbé! Ta ló fẹ́ sọ fún apẹja Ẹ̀pẹ́ pé kó mú ẹja kó tún jù ú nù? Orí àga yẹn ni wọ́n máa padà sí.

Ni mo bá gbé ọgbọ́n àgbọ́njù mi dé. Òyìnbó á máa dá ẹja padà lẹ́yìn wọn, èmi á sì fi tèmi hàn wọ́n nínú kúlà. Ṣebí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ní Fráídè, mo gba ọjà Rye Lane lọ, mo ra tìlápíà mẹ́rin. Ẹlẹ́ja ní, "Àǹtí, ṣé ká gé e?" Bó ṣe ti mọ́ mi lára, ẹnu mi dáhùn pé, "Ẹ gé e, ẹ bá mi ha á dáadáa."

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó o sínú kúlà, mo lọ ká aṣọ. Ìgbà tí mo máa padà dé, bàbá mi ti ṣí kúlà, orí ẹja kan wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹja tá a máa pa lọ́la," ni wọ́n wí, "ta ló ti gé e lónìí?"

Ọwọ́ palábá mi ségi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín wá dáwọ́ dúró, omi ojú ò dáwọ́ dúró.

Mo di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ má bínú, bàbá mi. A ò ní lọ mọ́."

"Ta ló ní a ò ní lọ? Ìyá rẹ ni mo máa ń gbé ẹja fún. Látìjọ́ tó o ti dárúkọ odò yìí ni mo ti ń bi ara mi pé, tí mo bá mú un, ta ni màá gbé e fún?" Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹja tá a bá mú, jẹ́ ká dá a padà sódò. Aago mélòó la ń jáde?"