Eyín Afunfèrè

Kí ó tó fun fèrè, yóò kọ́kọ́ fi ahọ́n ti eyín iwájú rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ilẹ̀kùn tì dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé fèrè idẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì ètè rẹ̀, kì í ṣe àárín. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Ìrora ni.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Fèrè ti ń jẹun nídìí fèrè. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dọọdún, obìnrin oníṣègùn eyín kan a máa wá sí gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ olórin wọn ti ń dánra wò, a gbé àga sẹ́bàá fèrèsé, a sì yẹ ẹnu wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún gbáko ni Bàbá Fèrè fi ń bọ́ sí yàrá ẹrù lọ́jọ́ náà, tí yóò máa nu fèrè tó ti mọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò la ẹnu, ta ni yóò ní kó fi fèrè sílẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé akọni nídìí fèrè, ojo níwájú abẹ́rẹ́. Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, yóò fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn àgbà inú wọn mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tú u wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eyín náà yẹ̀ láàárín orin. Atẹ́gùn jò, ohùn fèrè já. Olórí ẹgbẹ́ kò bínú. Ó kàn ní kó lọ bá oníṣègùn eyín.

Obìnrin náà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan eyín náà, ó kan èkejì, ó kan ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Fèrè ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì ni, bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Obìnrin náà ní ìdọ̀tí tó gan bí òkúta sídìí eyín ni. Ká ní òun ti ha á kúrò nígbà náà ni, kò ní gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ní báyìí, egungun tó gbé wọn dúró ti jẹrà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mẹ́rin ni yóò kúrò.

“Ti àtọwọ́dá ńkọ́?”

“Á jẹ búrẹ́dì, bàbá. Ti fèrè, mi ò ní tàn yín.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dá fèrè padà fún olórí ẹgbẹ́. Ó pe obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń kọ́, ó ní kó kó àwọn yòókù dání lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

“Ọ̀gá, eyín kankan ò dùn mí.”

“Torí pé kò tíì dùn ẹ́ ni mo ṣe ní kó o lọ.”

Obìnrin náà ní òun á lọ tóun bá ráyè. Bàbá Fèrè mi orí. Ó mú fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ẹnu géètì. Ó jáde, ó yà sí ọ̀tún, ó ń lọ.