Kà Á Dé Ẹ̀wá

Òórùn kan gba ojú fèrèsé takisí wọlé bá mi ní Ring Road lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó sì rẹ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé kò ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn nínú oṣù Kejì kì í ṣe ohun tí arúgbó ń fi ara rẹ̀ sí, orúnkún mi méjèèjì sì ti ń ráhùn láti Challenge. Ṣùgbọ́n òórùn yìí ní àárẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀wà bá jóná mọ́ ìdí ìkòkò, tí ẹnìkan tún wá ta kẹrosíìnì sí i. Mo na ọrùn síta. Ọkọ̀ kan tó so ọkọ̀ ńlá mìíràn mọ́ ẹ̀yìn ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, èéfín ń yọ lábẹ́ rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì gbé kéègì omi lọ́wọ́, ó fẹ́ dà á sí i. Epo gíà ló ń jóná. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ gbẹ̀yìn, imú mi kò gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ ni Bàámi fi ń ṣiṣẹ́ jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Agbowó. Ará Èkìtì ni wá. Tíṣà ni Màámi, iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Ìbàdàn, Bàámi sì máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé aya ló di àwọn mọ́ ẹrù wá. Òyìnbó kan tó ń kó lọ sí ìlú rẹ̀ ló ta ọkọ̀ náà fún wọn. Wọ́n ní kí wẹ́lídà jó irin gíga kan mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n so ṣéènì kọ́ ọn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ya ọkọ̀ yìí sọ́tọ̀ ni gíà rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí a mọ̀ nígbà náà. Tiwa ń yí fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá wo abẹ́ rẹ̀ á mi orí, á ní kí Bàámi máa rọra lò ó, nítorí bí eléyìí bá lọ, ó lọ nìyẹn. Oúnjẹ wa wà nínú gíà yẹn, owó ilé ìwé mi náà wà níbẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń wọ́ ẹrù wúwo nínú oòrùn, epo inú gíà a máa gbóná kọjá ààlà, bó bá sì gbóná jù, a jóná, gíà a kú. Nítorí èyí ni Bàámi kì í fi í gba iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan bí kò bá di dandan. Láràárọ̀, wọ́n á fa ọ̀pá epo gíà yọ, wọ́n á nù ún sí àkísà funfun kan. Bó bá pọ́n bí omi ìsápá, ara yá. Bó bá dúdú, wàhálà dé. Tí a bá gun òkè tán, wọ́n á yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á ju gíà sí fíríì kó má baà ti táyà, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń ti epo náà lọ síwájú ọkọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń kọjá á máa pariwo pé kí bàbá yìí pa ọkọ̀, àbí ó ń jẹ bẹntiróòlù ni. Àwọn mìíràn á gbé omi wá. Bàámi á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní gba omi. Wọ́n á ní ẹni tó sáré dé tó ń làágùn, ẹnìkan kì í ní kó dá mímí dúró.

Bí ooru náà ṣe lọ sílẹ̀ tó kí a tó lè máa lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe ọwọ́ tiwọn. Ṣéènì àti irin gbígbóná ti sọ ọwọ́ Bàámi di awọ bàtà. Wọ́n lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìlo àkísà, Màámi á sì máa bínú. Ẹ̀yìn ọwọ́ tèmi ni wọ́n ń lò. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, èmi ni mo ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tí a bá dúró, màá sọ̀kalẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páìpù tí epo náà ń gbà padà, màá sì máa kà sókè. Bí mo bá lè kà dé ẹ̀wá kí n tó fa ọwọ́ yọ, ó ti tutù. Bí n kò bá dé ibẹ̀, a ó tún jókòó, a ó máa jẹ ẹ̀pà, Bàámi á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Inú mi máa ń dùn. Bàbá tó bí mi ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi kí wọ́n tó lè gbéra.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ní èmi ni yóò gba ẹ̀bùn ìkọ̀wé ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé ìwé wa ní Bodija. Oṣù Kẹta ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n wá pe Bàámi pé ọkọ̀ akẹ́rù kan dákú sí Àpáta, ó dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan pa. Ó di dandan nìyẹn. Wọ́n ní kí n múra ká jọ lọ, ọgbà mẹkáníìkì tí a ó gbé e lọ kò jìnnà sí ilé ìwé mi, a ó kàn gba ibẹ̀ wọlé ni. Wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn sínú ìwé ìròyìn, wọ́n gbé e sáàárín wa. Èmi wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun.

Ẹrù náà wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nígbà tí a ó fi dé Dugbe, a ti dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Bàámi tún yà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí òkè Mókọ́lá ló kù níwájú. A jókòó díẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ọwọ́ kan páìpù, ó ta mí. Mo rí pèpéle lójú mi, mo rí ẹlòmíràn tó ń gba ẹ̀bùn mi. Mo ka ení dé ẹ̀wá ní ìmí kan, mo sì fi ọwọ́ mi pamọ́ sẹ́yìn.

“Ó ti tutù, Bàámi.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ó dáa, ká máa lọ.

Ìdajì òkè ni a dé. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà kò yí mọ́, òórùn tí mo sọ fún yín sì gba gbogbo inú ọkọ̀. Bàámi fi òkúta dá táyà dúró. Wọn kò bú mi, wọn kò wo abẹ́ ọkọ̀ pàápàá. Wọ́n dá takisí kan dúró, wọ́n ní kí n lọ gba ẹ̀bùn mi, kí n sọ fún Màámi tó ti ń dúró dè wá níbẹ̀ pé àwọn ń bọ̀. Mo gba ìwé atúmọ̀ èdè kan lọ́jọ́ náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tí mo rántí jù ni Màámi tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Gíà náà kò jí mọ́. Ọkọ̀ yẹn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa ní Agbowó títí adìyẹ fi ń sàba lórí ìjókòó rẹ̀, Bàámi sì ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ títí ojú wọn kò fi ríran dáadáa mọ́. Kò sígbà tí mo rí wọn tí wọ́n ń dúró de ọ̀gá tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí tí ọkàn mi kì í bàjẹ́. N kò lè sọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé e sínú.

Nígbà tí wọ́n darúgbó tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, mò ń gé èékánná wọn lọ́jọ́ kan ni ẹnu mi ṣàdédé là. Mo ní mo parọ́ fún wọn ní Dugbe, pé páìpù náà kò tutù. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹ̀wá tí o kà lọ́jọ́ yẹn ò tó àrún.”

Mo béèrè ìdí tí wọ́n wá fi lọ.

“Èmi náà wo aago,” ni wọ́n wí. “Mo fẹ́ rí ẹ lórí pèpéle.”

Mo sunkún débi pé wọ́n ní kí n gbé abẹ sílẹ̀ kí n má baà gé wọn níka. Wọn kò rí mi lórí pèpéle yẹn, wọ́n sì ti lọ báyìí.

Gíà tó ń yí fúnra rẹ̀ ti wá kún ìgboro, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n náà sì pọ̀. Àwọn òkè ṣì wà níbi tí wọ́n wà, oòrùn kò sì dínkù. Ìkánjú ọmọ ènìyàn náà kò dínkù.

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú takisí mi ní Ring Road lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo ní kí awakọ̀ ọkọ̀ tó ń yọ èéfín gbé omi rẹ̀ sílẹ̀, kó tan ẹ́ńjìnnì, kó jù ú sí fíríì. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé oòrùn ti pa mí, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Mo béèrè bóyá kò sí iná tó ń kìlọ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ó wà, ó ti tàn láti ọdún tó kọjá, ó ti mọ́ òun lára. Ó ní ìyàwó òun ń dúró de òun ní Bodija, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ, òun sì ti pẹ́. A dúró títí èéfín fi dá. Mo fi páìpù hàn án, mo sọ bó ṣe máa kà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó ka ení dé ẹ̀wá ní ìmí kan.

“Ó ti tutù, Ìyá.”

Mo wo ojú rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Mo wá òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo jókòó lé e.

“Tún un kà,” ni mo wí fún un.