Iṣu Èlùbọ́ Lórí Sólà Mi

Nígbà tí mo ra mọ́tò oníná, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Èsìẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ó kù kí n máa já ewéko fún un, nítorí wáyà ni mo fi ń so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Nítorí ìyá mi ni mo ṣe rà á: òórùn epo inú ọkọ̀ èrò máa ń jẹ́ kó bì. Òrùlé ilé wa ti gbó, kò lè gbé sólà, ìyẹn pátákó dúdú tó ń fi oòrùn fún mọ́tò náà níná, ni mo bá tẹ́ sólà sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ọyẹ́ wá dé. Òtútù burúkú! Ètè ń bẹ́, eruku bo oòrùn, mọ́tò tó ń fi ọjọ́ kan gba ṣáájì di èyí tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbà á. Bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún ìyá mi ní Ìlọrin. Dókítà náà, àlejò ni. Bí ọjọ́ yẹn bá lọ, ó di ọdún mìíràn. Wọ́n ti yẹ ojú òsì wò nígbà òjò, wọ́n ní ó dára. Ìyá mi náà máa ń fi yangàn pé, "Òsì mi yìí ríran ju tìrẹ lọ."

Ọ̀sán Ọjọ́rú, mo ti ilé ìwé dé, mo wo mọ́tò. Ṣáájì ò kúrò níbi tó wà láàárọ̀! Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé.

Yéè! Iṣu èlùbọ́ ni wọ́n sá bo gbogbo sólà mi, funfun báláú! Lóòótọ́, ìgbà ọyẹ́ la ń sá iṣu, orí àpáta yẹn náà la sì ń sá a sí látayébáyé. Ṣùgbọ́n lórí sólà?

"Ta ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí?"

Ìyá mi jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni o. O ṣeun, ọmọ mi. Mo ń wá ọ̀rá dúdú tí a fi ń sá iṣu kiri, àṣé o ti bá mi tẹ́ ẹ."

"Ọ̀rá wo? Màámi, ṣé ẹ ò lójú ni?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kú. Ó yíjú sí mi, àmọ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń wò.

Mo na ìka sókè níwájú rẹ̀. "Ìka mélòó nìyí?"

"Má fi mí ṣe ọmọdé."

"Mélòó ni, Màámi?"

Ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi kiri nínú afẹ́fẹ́. "Bí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní jẹ́ kí n súnmọ́ iná mọ́. Wàá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi."

Ó bẹ iṣu, ó bọ̀ ọ́, ó sá a, ọwọ́ ló fi ń mọ gbogbo rẹ̀. Èmi tí à ń jọ jẹun láti inú abọ́ kan náà, n ò mọ nǹkan kan. Mo tún wá fi ojú bú u.

Ọkọ̀ èrò la wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó bì títí a fi dé Ìlọrin, kò ráhùn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní ojú méjèèjì ló fẹ́ iṣẹ́ abẹ báyìí, ọ̀kan ṣoṣo lòun sì lè ṣe kí òun tó padà lọ. "Màmá, èwo ni kí n ṣe?"

Ìyá mi nawọ́ títí ó fi kan èjìká mi.

"Èyí tí màá fi máa wo ojú ọmọ yìí, bó bá tún ń bú mi."